Owó Orí Tó Ń Tẹ̀lé Orí: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Tí Wọ́n Bí sí Amẹ́ríkà Tó Ń Gbé Nàìjíríà

Kò ṣòro rárá láti rí ọmọ kan tàbí méjì nínú kíláàsì tó ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ búlúù. Ìyá rẹ̀ lọ bí i sí Houston tàbí Baltimore, wọ́n gbé e padà wálé kó tó pé ọmọ oṣù mẹ́ta, kò sì tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá bi í pé ọmọ ibo ni, yóò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé ìrìnnà náà wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí yóò lọ kàwé fún oyè kejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ rí ni pé ìjọba Amẹ́ríkà kà wọ́n sí ara àwọn tí òfin owó orí rẹ̀ dè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, náírà ni wọ́n ń ná, wọn kò sì ní kọ́bọ̀ kan ní báńkì Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í páyà, ẹ jẹ́ ká ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Jíjábọ̀ owó yàtọ̀ sí sísan owó orí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé Nàìjíríà kò ní san owó orí kankan fún Amẹ́ríkà tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àìjábọ̀ ní owó ìtanràn tirẹ̀, owó ìtanràn náà kò sì wo bóyá owó orí wà lọ́rùn ẹni tàbí kò sí. Ibẹ̀ ni ewu wà, ibẹ̀ náà ni a ó sì dúró sí jù. Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ní láti rí oníṣirò owó tó mọ òfin Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀, owó orí, bá ohun tí a fẹ́ sọ mu gidigidi. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, iye kan pàtó ni wọ́n ń bù lé orí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ti tójú bọ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ń wo ibi tí èèyàn ń gbé. Ọmọ Nàìjíríà tó kó lọ sí Toronto, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Kánádà ló ń san owó orí fún. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kó wá sí Èkó, Nàìjíríà ló ni owó orí rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé orí fúnra rẹ̀, ibi yòówù tí orí náà ìbáà sùn sí. Orílẹ̀-èdè tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn ni Eritrea, tó ń gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun.

Ìgbà Ogun Abẹ́lé wọn ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn òfin owó orí tí wọ́n ṣe láàárín 1861 sí 1864 ni wọ́n ti kọ́kọ́ nawọ́ sí ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé lókè òkun. Owó orí yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1872, ṣùgbọ́n nígbà tí àtúnṣe kẹrìndínlógún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn dá a padà ní 1913, àṣà náà bá a wọlé. Ní 1924, ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cook àti Tait dé ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ. George Cook jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé Mexico City. Mẹ́síkò ni ohun ìní rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti ń rówó. Ó pẹjọ́ lórí owó orí 1,193 dọ́là àti sẹ́ǹtì díẹ̀ tí wọ́n bù fún un. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba ń ṣe ọmọ rẹ̀ lóore níbikíbi tó bá wà, nítorí náà ó lè gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ níbikíbi. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ìdájọ́ náà ṣì dúró. Ní tèmi o, oore tí Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tó ń to ìlà epo ní Ṣágámù kò hàn sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò bi mí.

Pé èèyàn tún jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò yí èyí padà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gba ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí láàyè láti ní ti orílẹ̀-èdè mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò torí ìyẹn yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò. Ẹni tó ní green card tó sì ti padà wá jókòó sí Èkó láìdá a padà, òun náà wà nínú agbo.

Fọ́ọ̀mù 1040 àti ibi ìsádi méjì

Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù 1040, tó ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ owó orí wọn, IRS. Fún owó ọdún 2025, ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó, tí kò tíì pé ọdún 65, kò pọn dandan fún un láti fi í ránṣẹ́ bí gbogbo owó tó wọlé fún un kò bá tó 15,750 dọ́là, àyàfi bí ó bá wà lára àwọn kan tí mo máa tó mẹ́nu bà. Tí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, iye yẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún náírà. Àgùnbánirọ̀ tó ń gba 77,000 náírà lóṣù kò tíì súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Owó ọdún kan gbáko tirẹ̀ kò tó 700 dọ́là.

Ẹni tó bá kọjá iye yẹn ṣì ní ibi ìsádi méjì. Fọ́ọ̀mù 2555 máa ń yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń bu owó orí lé, tó 130,000 dọ́là fún ọdún 2025, bí ẹni náà bá wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà fún 330 ọjọ́ gbáko láàárín oṣù méjìlá tó tẹ̀lé ara wọn. Fọ́ọ̀mù 1116 ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí wọ́n yọ owó orí tí èèyàn ti san fún ìjọba ibi tó ń gbé kúrò nínú èyí tí Amẹ́ríkà bù fún un. Ẹni tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀ ní Nàìjíríà lè lo ìyẹn, kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó orí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kò lè sọ pé òun ti sá sábẹ́ wọn.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni gbèdéke ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn tó ń gbé lókè òkun títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè, fọ́ọ̀mù 4868 sì lè gbé e dé ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá.

Fọ́ọ̀mù 2555 kò ran owó tí kì í ṣe ti iṣẹ́ lọ́wọ́, irú bí owó ilé, èlé báńkì, tàbí èrè lórí ohun tí a tà. Ohun tó bá Boris Johnson nìyẹn kó tó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. New York ni wọ́n bí i sí ní 1964, ọmọdé ló wà tó fi kúrò níbẹ̀. Ní 2014, nígbà tó jẹ́ olórí ìlú London, òun fúnra rẹ̀ sọ pé Amẹ́ríkà ń bèèrè owó orí lórí ilé òun tí òun tà ní London, èrè tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ kàn. Ó kọ́kọ́ ní òun kò ní san. Ó padà san án.

Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan akẹ́kọ̀ọ́ gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Lágbájá, tí wọ́n bí sí Houston, ń gbé Ìbàdàn, ó ń bá àwọn oníbàárà lókè òkun kọ̀wé tàbí ya àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Lẹ́yìn tó yọ owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ kúrò, 3,000 dọ́là ló kù fún un lọ́dún. Iye yẹn kò tó 15,750 rárá, nítorí náà yóò rò pé òun ti bọ́.

Kò bọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ tí èrè rẹ̀ bá tó 400 dọ́là péré lọ́dún gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, nítorí owó orí mìíràn tó ń lọ sínú àpò owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àwọn arúgbó wọn. Ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n sì ń bù ú lé ìdá 92.35 nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà. Lórí 3,000 dọ́là, ó ń lọ sí bíi 424 dọ́là, ìyẹn nǹkan bíi 636,000 náírà. Fọ́ọ̀mù 2555 kò lè yọ ọ́. Fọ́ọ̀mù 1116 náà kò lè yọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé Lágbájá ti san owó orí ní Nàìjíríà.

Ká ní London ni Lágbájá ń gbé, tó sì ń dá owó tirẹ̀ sí ètò ìfẹ̀yìntì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì bá tí san án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé èèyàn kan kò gbọ́dọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì sí ibi méjì lórí iṣẹ́ kan náà. Kánádà, Jámánì àti Brazil náà ní irú rẹ̀. Nàìjíríà kò ní. Kò tilẹ̀ sí àdéhùn owó orí gbogbogbòò kankan láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣojú wa lọ jókòó lé lórí nìyẹn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jìyà rẹ̀, àwọn tó ní iṣẹ́ olówó oṣù ní ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kò fara kan owó yìí.

Owó tó wà ní báńkì

Ìjábọ̀ kejì kò bèèrè owó tó ń wọlé. Owó tó wà nílẹ̀ ló ń bèèrè. FBAR ni wọ́n ń pè é, òfin ọdún 1970 ló bí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ láìsan kọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka mìíràn nínú ilé-iṣẹ́ ìṣúná wọn ló sì ń lọ. Bí àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáǹtì tí ọmọ Amẹ́ríkà ní lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà bá ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, ó gbọ́dọ̀ jábọ̀ gbogbo wọn, títí kan èyí tí ẹgbẹ̀rún náírà péré wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo, mo tún un sọ. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń múra láti jáde lọ sí Kánádà, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó mílíọ̀nù méjìdínlógún náírà sí àkáǹtì rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè rí i pé ó lówó lọ́wọ́. Owó olówó ni, yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ó ti gbé àkáǹtì náà kọjá ààlà. Ó yẹ kó jábọ̀ rẹ̀.

Òfin yìí tún ka àkáǹtì tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa, bí a bá ṣáà lè buwọ́ lù ú kí owó jáde. Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọ̀dọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí àkáǹtì ìjọ: gbogbo wọn wọ inú rẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tó ń kó owó jọ láti kọ́ gbọ̀ngàn kò ní mọ̀ pé nọ́ńbà àkáǹtì àwọn wà lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà nítorí ibi tí wọ́n bí akápò wọn sí. Àkáǹtì tí bàbá ṣí fún ọmọ kékeré náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọ ló ni ìjábọ̀, òbí rẹ̀ ni yóò bá a ṣe é.

Ilẹ̀ àti ilé tó wà lórúkọ ẹni kò sí nínú FBAR, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín lórí ìyẹn. Owó ilé tó ń ti ibẹ̀ wọlé ni fọ́ọ̀mù 1040 ń bèèrè.

Ní ìparí ọdún 2015, iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kò tó 200 náírà, ẹni tó bá ní mílíọ̀nù méjì náírà ní báńkì ti wà lẹ́nu ààlà. Lónìí, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oore kan ṣoṣo tí mo rí nínú bí náírà ṣe já wálẹ̀ nìyẹn.

Kí ni ìtanràn rẹ̀? Òfin kọ 10,000 dọ́là fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n sì ń sún un sókè bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i. Ó ti kọjá 16,000 báyìí. Ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ lè dé ìdajì gbogbo owó inú àkáǹtì náà. Alexandru Bittner, tó ní ìwé ọmọ Romania àti ti Amẹ́ríkà, padà sí Romania ní 1990, ó sì di olówó níbẹ̀. Nígbà tó padà dé Amẹ́ríkà ní 2011 ló mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti máa jábọ̀. IRS ka àkáǹtì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, wọ́n rí 272, wọ́n bu 10,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: 2.72 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2023, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìwé ìjábọ̀ kan lọ́dún ni kí wọ́n máa kà, kì í ṣe àkáǹtì. Ó di 50,000 dọ́là. Kò sí ẹni tó sọ pé ó fi owó orí pamọ́ nínú ẹjọ́ yẹn. Àìjábọ̀ nìkan ni wọ́n ń jà sí.

Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù báńkì

Báwo ni Amẹ́ríkà ṣe máa mọ̀? Òfin FATCA, tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2010, ló sọ àwọn báńkì òkèèrè di olùjábọ̀. Báńkì tó bá kọ̀, wọ́n lè dá ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dúró lára owó kan tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé fún un, kò sì sí báńkì tó fẹ́ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù ìṣíkáǹtì ọ̀pọ̀ báńkì wa fi ń bèèrè bóyá a jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ibi ìbí, àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù Amẹ́ríkà, àti ìwé àṣẹ tí a fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ àmì tí báńkì ń wò. Ẹni tó fi ìwé ìrìnnà tó sọ pé Houston ni wọ́n bí i sí ṣí àkáǹtì, tó wá kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” síwájú ìbéèrè yẹn, ó ti sọ àìmọ̀ di ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbéyàwó náà ní tirẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tó fẹ́ ọkọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì jùmọ̀ kọ fọ́ọ̀mù, dọ́là márùn-ún ni iye owó tó ń sọ ọ́ di dandan fún un láti kọ fọ́ọ̀mù 1040. Márùn-ún, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá sì jọ ní àkáǹtì kan, gbogbo owó inú rẹ̀ ni yóò kọ sí FBAR, ti ọkọ pẹ̀lú. Bí bàbá ẹni bá kú ní Nàìjíríà, tí ogún tó kàn wá bá ju 100,000 dọ́là lọ, Amẹ́ríkà kò ní bu owó orí lé ogún náà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù 3520 ń dúró, ìtanràn àìkọ ọ́ sì lè dé ìdá mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn

Ọ̀nà kan wà fún ẹni tí kò mọ̀. Láti 2012 ni IRS ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Streamlined, wọ́n sì mú un gbòòrò ní 2014. Ẹni tó ń gbé lókè òkun yóò kọ fọ́ọ̀mù 1040 ti ọdún mẹ́ta tó kọjá, yóò kọ FBAR ti ọdún mẹ́fà, yóò sì ṣàlàyé lórí fọ́ọ̀mù 14653 ìdí tí kò fi mọ̀, lábẹ́ ìbúra. Bí owó orí bá wà níbẹ̀, yóò san án pẹ̀lú èlé. Kò ní san ìtanràn. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é kí IRS tó kọ̀wé sí i, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò kò lè wọlé mọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Social Security, èyí tí àwọn òbí kan kò gbà fún ọmọ kí wọ́n tó gbé e wálé. Fọ́ọ̀mù SS-5 ni wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n kúkú dá ìwé ìrìnnà náà padà. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iwájú aṣojú Amẹ́ríkà lókè òkun ni èèyàn ti ń búra pé òun kọ̀ ọ́, òbí kò sì lè bá ọmọ kọ̀ ọ́. Kò sí owó lórí rẹ̀ kó tó di 2010. Ní 2014, wọ́n gbé owó rẹ̀ dé 2,350 dọ́là. Ìkọ̀sílẹ̀ kò pa ti àwọn ọdún tó ti kọjá rẹ́. Fọ́ọ̀mù 8854 yóò bi ẹni náà bóyá ó pa òfin owó orí mọ́ fún ọdún márùn-ún tó ṣáájú, ẹni tí kò bá sì lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ṣírò owó orí rẹ̀ bí ẹni tó ta gbogbo ohun ìní rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́ ní 2027 yóò kọ́kọ́ kọ gbogbo fọ́ọ̀mù 1040 tó yẹ kó ti kọ láti 2022.